Mo Lọ Wo Bátìrì Àlòkù ní Jos

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò ní abúlé wa, tí kò jìnnà sí Ìlọrin. Rísíkátù, ìyàwó mi, fi tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tan ọ̀nà fún mi títí dé ibi tí ọ̀kadà ti ń gbé èrò. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni. Abúlé wa kò ní iná, nítorí náà bí obìnrin bá ń rọbí lálẹ́, tọ́ọ̀ṣì yẹn ni Rísíkátù máa ń fi eyín dì mú kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè ṣiṣẹ́. Àpá eyín ti kún ara tọ́ọ̀ṣì náà. Bí ó bá ti wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè bá ẹni tí ń rọbí sọ ọ̀rọ̀ kankan.

A ti gbé páánẹ́lì sólà sórí òrùlé ilé ìgbẹ̀bí, bátìrì ni ó kù. Owó tí a rí kó jọ kò lè ra ju tuntun kan lọ, èyí tí yóò gbé iná nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Rísíkátù, tí gbogbo wa ń pè ní Àlhájì, ń ta bátìrì àlòkù ní Jos, irú èyí tí wọ́n tú kúrò nídìí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ní owó kan náà yóò ra mẹ́rin lọ́dọ̀ òun. Mẹ́rin yóò gbé iná, yóò tún gbé fíríìjì tí a ó máa tọ́jú abẹ́rẹ́ sí, abẹ́rẹ́ tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, tí kò sì fẹ́ ooru.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rò pé a kò mọ oore o," ni Rísíkátù wí.

Iṣẹ́ rewáyà ni mo ń ṣe, iná ọkọ̀ àti bátìrì ọkọ̀. N kì í ra bátìrì tí n kò dán wò. Mo ti di gílóòbù iná ọkọ̀ mẹ́rin sí àárín ṣòkòtò mi nínú báàgì. N kò fi han Rísíkátù.

Ọkọ̀ Jos kún kíá ní Ìlọrin. Ní Jẹ́bà a sọdá Odò Ọya, a sì ra ẹja díndín. Ní ọ̀nà Bídà, kòtò pọ̀ débi pé dẹ́rẹ́bà fi ọ̀dà sílẹ̀, ó ń gba inú iyẹ̀pẹ̀, a sì rí i pé iyẹ̀pẹ̀ náà sàn jù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Jos ni dẹ́rẹ́bà yìí. Nígbà tí a kọjá Akwanga, ó wò mí nínú díńgí.

"Bàbá, ẹ wọ súwẹ́tà. Sanyi ń bọ̀."

Òtútù ni ó ń pè ní sanyi. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí oòrùn ń pa wá lọ́wọ́lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè tí wọ́n ń pè ní Hawan Kibo. Hawan ni gígun òkè, lédè Hausa. Nígbà tí a fi máa dé orí rẹ̀, mo ti wọ ẹ̀wù méjì léra, dẹ́rẹ́bà sì tún wò mí nínú díńgí. A gba Bukuru, a kọjá Zawan, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ sí Hwolshe, èmi bá ọkọ̀ dé Terminus, àárín ìlú Jos. Pòtétò àti kábéèjì ni wọ́n kó jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, bí a ṣe ń kó iṣu jọ ní ọ̀dọ̀ wa.

Àárín àwọn bátìrì ni mo dọ̀bálẹ̀ sí nínú ṣọ́ọ̀bù Àlhájì, nítorí àna ni, ibi tí a bá ti bá àna ni a ń kí i.

"Sannu da zuwa! Ẹ káàbọ̀, àna mi! Rísí ńkọ́?"

Ó ti ya bátìrì mẹ́rin sọ́tọ̀, ó ti nù wọ́n, wọ́n ń dán. Ó fi mítà kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan, mítà ní gbogbo wọn ló kún. Kí n tó la ẹnu, ó ti gbọ́wọ́ sókè, ó ń ṣàdúà kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Mo ṣe àmín. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọjà tí wọ́n bá ti ṣàdúà sí, tí o ti ṣe àmín, ó ti di tìrẹ nìyẹn. Ẹni tí ó bá sì ń yẹ ọjà àna rẹ̀ wò, ó ti pè é ní olè.

Tùwó ácà ni wọ́n fi ṣe mí lálejò nílé. Ọkà kan ni ácà, ó rí wínníwínní bí iyanrìn etí odò, ṣùgbọ́n ó rọ̀ lẹ́nu. Miyan kuka ni ọbẹ̀ rẹ̀, lúrú tiwa náà ni. Ní àárọ̀ a jẹ masa, tí àwa ń pè ní wàínà. Ibi tí a ti ń jẹ ẹ́ ni Àlhájì ti bi mí bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ lálẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì àti eyín fún un. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, mo fi wàínà sílẹ̀, mo lọ mú gílóòbù nínú báàgì mi.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, mo kúnlẹ̀.

"Àlhájì, ẹ má bínú. Mo fẹ́ fi gílóòbù dán wọn wò."

"Kai! Ọjà mi? Ṣebí a fi mítà wò ó lánàá?"

"Mítà fi hàn pé wọ́n yó. Kò fi hàn bí ebi yóò ṣe tètè pa wọ́n tó."

"Ìwọ tí o ṣe àmín!"

"Èmi ni àna yín, Àlhájì. Obìnrin tí ó ń rọbí kì í ṣe àna yín."

Ó wò mí títí. "To," ni ó wí. Lédè Hausa, "ó dáa" ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí gidigidi.

Mo so gílóòbù kọ̀ọ̀kan mọ́ bátìrì kọ̀ọ̀kan níwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà ń dúró, wọ́n ń wò ó. Àlhájì kò lé ẹnikẹ́ni, ó jókòó ti tẹ̀súbáà rẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Àyílà, àkọ́kọ́ ti pọ́n bí epo. Nígbà tí Àlhájì fi kírun Àlàásárì dé, méjì ti kú, ìkẹta ń jó bí ògúnná, ìkẹrin nìkan ni ó ṣì ń tàn. Ó lóṣòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo èyí tí ó kú.

"Wallahi, n kò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ kò mọ̀."

Ó ní kí n mú ìkẹrin lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dúpẹ́, mo sì kọ̀ ọ́, nítorí ìyà tí àwọn mẹ́ta yòókù jẹ nídìí òpó ni bátìrì yẹn náà jẹ, kò ní pẹ́ kú. Àlhájì fúnra rẹ̀ ni ó mú mi lọ bá ẹni tí ń ta tuntun, ó fi Hausa ná an títí ọkùnrin náà fi di orí mú. Mo ra ẹyọ kan, èmi àti Àlhájì ni a sì jọ gbé e dé inú ọkọ̀. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kó pòtétò fún mi kún àpò.

Nígbà tí mo dé ilé, Rísíkátù wo bátìrì náà, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá mẹ́ta ń bọ̀. Mo ro ẹjọ́ náà fún un, n kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Fíríìjì kò sí nìyẹn," ni ó wí.

"Kò sí. Àwa àti yìnyín inú kúlà abẹ́rẹ́ ni a ṣì jọ wà."

Ó na ọwọ́ sí mi. "Gílóòbù yẹn dà? Ẹ̀gbọ́n mi ni ẹ kò gbà gbọ́, Bàbá Mùnírà. Tiyín náà, mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i."

Irọ́ ni n óò pa bí mo bá ní kò dùn mí. Èmi, rewáyà! Ìgbà yẹn gan-an ni mo tó mọ bí ó ṣe rí lára Àlhájì, ohun tí ìrìn àjò náà sì kọ́ mi nìyẹn: ó ń dunni, a sì gbọ́dọ̀ ṣe é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí n so gílóòbù mọ́ bátìrì náà ní yàrá ìgbẹ̀bí. Ó ń wọlé, ó ń jáde, ó ń yọjú wò ó. Nígbà tí oòrùn wọ̀, gbogbo ara ògiri ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Rísíkátù kò yìn mí. Ó yọ tọ́ọ̀ṣì jáde nínú àpò rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú àpá eyín lára rẹ̀.

"Ẹ gbà, ẹ máa fi ṣe rewáyà," ni ó wí. "Bí wọ́n bá ń rọbí báyìí, mo ti lè máa bá wọn sọ̀rọ̀."