Iyán Àlejò Lẹ́sẹ̀ Òkè

Ẹnu màmá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, nídìí ààrò, nígbà tí n kò tíì ga ju odó lọ. Wọ́n ní nílùú bàbá mi, lábẹ́ òkè níbẹ̀, àlejò tó bá wá jókòó kì í fúnra rẹ̀ kí òkè. Onílé ni yóò mú un lọ́wọ́ dé ẹsẹ̀ òkè pẹ̀lú iyán, yóò ní, "Ẹni wa rèé o, ẹ mọ̀ ọ́n lójú." Ẹni tí wọn kò bá ṣe é fún lè kọ́lé, ó lè bímọ, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ níbẹ̀. Ìyá bàbá mi ló mú màmá mi lọ nígbà tí bàbá mi gbé wọn níyàwó.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Nígbà tí màmá mi wá kí wa ní Martindale, àdúgbò wa lókè òkun níbí, wọ́n rí bí mo ṣe ń ṣe. Mo jókòó, mo dìde. Mo ń wo ilé tí wọ́n ń tà lórí fóònù, lónìí ti Cranston, àdúgbò mìíràn nílùú yìí, lọ́la ti ìlú mìíràn pátápátá. Tí mo bá ń dúró de train láàárọ̀, ìwọ̀ oòrùn ni mo máa ń kọjú sí, níbi tí àwọn òkè ńlá wọ̀nyẹn tò sí, tí wọ́n fi snow wé gèlè. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń wò wọ́n. N kò débẹ̀ rí.

"Ṣé wọ́n ti mú ọ lọ kí wọn?" Màmá ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Màmá, ta ni yóò mú mi lọ?"

"N ó mú ọ lọ kí n tó padà sílé. Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn jàre, ìyá ìjọ ṣì ni mí. Kíkí ni mo fẹ́ kí i, n kò ní bọ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọkàn tí kò balẹ̀ yìí ti sú èmi gan-an. Sátidé kan tí a fẹ́ lọ, iṣẹ́ ni kò jẹ́; òmíràn, èéfín ni. Igbó ń jó lọ́nà jíjìn, èéfín rẹ̀ bo ojú ọ̀run, àwọn òkè náà pòórá. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ku ọ̀la kí Màmá wọ bàálù.

"A ń lọ," ni wọ́n wí. Wọ́n ti gúnyán nínú basement abẹ́ ilé láàárọ̀, aládùúgbò wa ti rò pé à ń wólé.

Èmi, Màmá àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ Grade Two, la wọ ọkọ̀. Bí a ṣe ń sún mọ́ òkè ni èéfín ń ki sí i. Nígbà tí a dé ibi tí àwọn tó wá ṣe họlidé ń páàkì sí, ohun tó dà bí ògiri eérú la bá níwájú.

Màmá gbé abọ́ iyán lé orí òkúta. Kò pẹ́ tí ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ibẹ̀ fi sáré dé: wọn kì í fi oúnjẹ sílẹ̀ níbẹ̀ o, nítorí béárì.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹranko ńlá kan yóò wá jẹ ẹ́."

"Ẹranko náà kì í ṣe ará ilé òkè ni?" Ṣùgbọ́n wọ́n gbé abọ́ wọn mọ́ àyà. Wọ́n kọjú sí èéfín, wọ́n wúkọ́. "Òkè o! Ọmọ mi rèé..."

 Wọ́n wò mí, wọ́n wo èéfín.

"Mo ti ṣì í ṣe," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Èmi gan-an, ta ló mọ̀ mí níbí? Àlejò kì í mú àlejò lọ kí onílé."

 Bàálù ọ̀la kò ní dúró dè wá. "Màmá, ẹ ṣáà kí i bẹ́ẹ̀."

"Kí n wá purọ́ fún òkè?"

Ọmọ mi ń fi ẹsẹ̀ gbá òkúta kiri. "Grandma, can we eat now?"

Màmá yíjú sí i, wọ́n wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. "Níbo lẹ bí eléyìí sí?"

"Hospital tó wà ní Sunridge, nílùú yìí náà. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Onílé rèé, a sì ń wá onílé kiri!" Wọ́n fi ọwọ́ mi lé ọmọ náà lọ́wọ́. "Mú bàbá ẹ lọ kí òkè."

"What do I say?"

"Ohun tó bá wà nínú ẹ."

Ó ronú díẹ̀. Ó fà mí dé etí koríko. "Ẹ káàárọ̀, òkè," bẹ́ẹ̀ oòrùn ọ̀sán ti ń yí. "Daddy mi nìyí. He worries a lot. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ̀ ọ́n."

Òkè kò yọjú. A jókòó sórí òkúta, a jẹ iyán wa tán. Béárì kò rí òkèlè kan.

Lọ́jọ́ kejì, ní ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú, Màmá dì mọ́ mi. "Ṣé ọkàn ẹ ti ń balẹ̀?"

"Màmá, n kò mọ̀ o."

Nígbà tí mo jáde, atẹ́gùn ti gbá èéfín lọ. Àwọn òkè náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán ní ìwọ̀ oòrùn, gbogbo wọn. Mo dá ọkọ̀ dúró, mo ń wò wọ́n títí ẹni tó wà lẹ́yìn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọn họ́ọ̀nù.

Mo ṣì ń wo ilé lórí fóònù. N kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ mi bá fẹ́ tẹ nọ́ńbà ẹni tó ń ta ilé, mo máa ń rántí ọwọ́ kékeré tó dì mí mú létí koríko. Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, níbi tí o wà yẹn, ta ló ti mú ọ lọ́wọ́ lọ kí onílé?