Òrùka Irin tí Ojú-Alákàn Rọ fún Sìsí Búrẹ́dì

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun mọ ohun tí owú ń fi ojú ọkùnrin rí jù mí lọ, kó wá jókòó síwájú mi kó máa sọ ọ́, kí n sì máa rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo kọ́ ìwé kíkà fúnra mi láti ara páálí ọṣẹ, tí mo kọ́ àtúnṣe aago láti ara aago bàbá mi tí mo kọ́kọ́ bà jẹ́, kí ni mi ò tíì rí? Síbẹ̀, irú owú tí wẹ́dà tí à ń pè ní Ojú-Alákàn jẹ, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tèmi. Pákó kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Gètì, ilẹ̀kùn onírin, férémù bẹ́ẹ̀dì, gbogbo rẹ̀ ló ń jó pọ̀. Bó bá ti fi ìbòjú bojú tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàràpàrà, òjìji àwọn aago mi á máa gùn lára ògiri bí òmìrán. Irin tó bá sì ti so pọ̀, ó so nìyẹn. Ojú mi ló ṣe tí ọkọ̀ akẹ́rù kan fi orí sọ gètì tó ṣe. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ lọ. Gètì kò tilẹ̀ mira.

Kì í ṣe iṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ohun tí tiẹ̀ ń ṣọ́ ni Sìsí Búrẹ́dì, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, tó ń po ìyẹ̀fun ní békìrì tó kọjú sí wa ní òdìkejì títì. Apá ọmọ náà le, ẹnu rẹ̀ mú, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń dé ọ̀dọ̀ wa kí òórùn búrẹ́dì tó dé. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni wàhálà. Bó bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, Ojú-Alákàn á ṣí ìbòjú sókè.

"Bàbá, ta ló ń bá sọ̀rọ̀?"

"Oníbàárà ni."

"Ọkùnrin àbí obìnrin?"

"Arúgbó kan tí kò léyín lẹ́nu ni."

"Eyín ni kò ní, Bàbá. Ó lójú." Á sì bo ojú rẹ̀ padà.

Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ń sún mọ́lé, ó wá bi mí pé kí ni kí òun fi ṣe òrùka. Ẹni tó yẹ kó bi náà ló bi. Mo là á yé e bí ẹni pé èmi ni mo ri wúrà mọ́lẹ̀ nígbà ìwáṣẹ̀. Mo ní fàdákà dára, ṣùgbọ́n ó máa ń dúdú, à á sì máa nù ún bí ojú ọmọ tuntun. Idẹ á fi àwọ̀ ewé sára ìka. Wúrà tí wọn kò lú nǹkan mọ́ rọ̀ jù, ó máa ń tẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá po bàbà mọ́ ọn bó ṣe yẹ, á le, kò ní dúdú, kò ní dípatà.

"Wúrà ni kó o fún un, ọmọ mi. Ọmọ yẹn tó wúrà."

"Ó jù ú lọ, Bàbá," ló wí. Ojú rẹ̀ rọ̀ lọ́jọ́ náà, mo rò pé ara rẹ̀ kò yá ni.

Bá a ṣe gbọ̀nà ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò nìyẹn. Mo tẹ̀ lé e, torí ta ni yóò yẹ wúrà wò bí kò ṣe èmi? Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, ó sì jẹ́ orúkọ náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ta awọ sábẹ́ tábìlì kí eruku wúrà má baà ṣòfò. Ayùn rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Èékánná rẹ̀ mọ́, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì gbígbóná. Mo rí i tí Ojú-Alákàn wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí iná ti jó káàkiri, tó sì rọra kì í bọ àpò.

"Ẹ kú oríire o, ọ̀gá wẹ́dà," ni Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́ wí. "Wúrà tó pọ́n díẹ̀ ni yóò bá àwọ̀ ara wọn mu, èyí tí bàbà pọ̀ nínú rẹ̀. Á tún le fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́."

"Ẹ ṣeun. Ìgbà wo ni kí n mú un wá kí ẹ wọn ìka rẹ̀?"

Ọkùnrin náà ń nu ayùn rẹ̀, kò gbé ojú sókè. "Ẹ má ṣèyọnu. Mo mọ ìwọ̀n ìka wọn."

Ẹyin lohùn. Èyí bọ́, ó sì fọ́ sójú gbogbo wa.

"Ẹ mọ kí ni?"

Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. "Mo ní... iṣẹ́ wa ni, ọ̀gá. Ojú wa ti mọ ìka."

"Ojú ni, àbí ọwọ́?"

"Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo bi ọ́! Ojú ni, àbí ọwọ́?"

Mo fà á láṣọ, mo wọ́ ọ jáde kó tó da tábìlì onítábìlì rú. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń kùn bí oyin.

"Bàbá, ọkùnrin yẹn ti di ìka rẹ̀ mú rí."

"O ò lè sọ. Bi ọmọbìnrin náà."

"Kí ni mo fẹ́ bi? Ọkùnrin kan mọ ìwọ̀n ìka rẹ̀ lórí bí ẹni mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ fẹ́ ẹ, mi ò mọ̀ ọ́n!"

Bẹ́ẹ̀, títì kan péré ló wà láàárín òun àti ìdáhùn. Ṣùgbọ́n owú kì í bèèrè. Owú máa ń fún ara rẹ̀ lésì ni. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó tú irin tó ṣẹ́ kù nílẹ̀, ó fa páìpù sitenlẹ́ẹ̀sì kan yọ, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe ìdìmú àtẹ̀gùn, tí omi kì í mú dípatà.

"Ọwọ́ ọkùnrin kankan ò ní kan òrùka ìyàwó mi," ló wí. "Èmi ni n ó rọ ọ́."

"Irin lo fẹ́ kì bọ ọmọ ọlọ́mọ níka?"

"Wúrà ṣeé tẹ̀, Bàbá. Wúrà ṣeé gé, ó ṣeé yọ́, ó ṣeé dà sí nǹkan mìíràn. Èyí, bó bá ti wọlé, ó wọlé nìyẹn."

"Ṣé òrùka lò ń ṣe ni, àbí gètì?"

Ní òwúrọ̀ kan tí òtútù mú, kí Sìsí tó wọ iṣẹ́, Ojú-Alákàn dọ́gbọ́n fi òwú wọn ìka rẹ̀. Mo kìlọ̀ fún un pé ìka òwúrọ̀ kì í ṣe ìka ìrọ̀lẹ́, pàápàá ìka ẹni tó ń dúró ti ààrò. Ńṣe ló tún dín in kù díẹ̀ sí i. Ó ní kó má baà máa bọ́.

Kí n má parọ́, òrùka náà dán. Ó fi nǹkan ha á, ó fi nǹkan nù ún, títí èèyàn fi lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ kó fá irùngbọ̀n. Ọ̀sán gangan la gbé e sọdá. Sìsí nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ sí ápúrọ́ọ̀nù.

"Irin?" ló wí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo ṣe bí ẹ ti lọ bá Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́."

Orúkọ yẹn ló bà á jẹ́. Ojú-Alákàn di ìka mú, ó ti òrùka náà kọjá oríkèé bí ẹni ń ti páìpù bọ inú páìpù.

"Yéè! Ó fún mi."

"Á mọ́ ẹ lára."

"Ṣé bàtà ni?"

Ọ̀gá békìrì ní òun kì í jẹ́ kí òrùka wọ inú ìyẹ̀fun, kó bọ́ ọ. Ó fà á, kò bọ́. Ó fi ọṣẹ sí i, kò bọ́. Èmi fi òróró sí i, mo wé òwú mọ́ ìka náà bí mo ti ń wé sípíríǹgì aago, ọgbọ́n tí kò já mi kulẹ̀ rí láyé mi. Ó já mi kulẹ̀. Bí a ti ń fà á ni ìka náà ń wú bí ìyẹ̀fun tó ti jẹ ìwúkàrà. Ó pọ́n, ó wá ń dúdú bọ̀. Ojú-Alákàn sáré lọ gbé ẹ̀rọ tó fi ń gé gètì wá.

"Gbé nǹkan yẹn sún mọ́ mi," ni Sìsí wí, "kó o rí i bóyá orí rẹ kọ́ ni n ó kọ́kọ́ fi gé."

A gbé e dé ilé ìwòsàn tó wà ní ìkóríta. Nọ́ọ̀sì mú ohun tí wọ́n fi ń gé òrùka jáde. Wúrà àti fàdákà ni nǹkan náà mọ̀. Lórí irin yìí, ńṣe ló ń yọ̀.

"Ẹ wá ẹni tó láyùn wẹ́wẹ́ kíákíá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀jẹ̀ ò débẹ̀ mọ́ dáadáa. Tó bá pẹ́, ìka yìí lè lọ."

Gbogbo wa la mọ ẹni tó láyùn wẹ́wẹ́. Sìsí ló dárúkọ rẹ̀.

"Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́."

"Ṣé àfi òun?" ni Ojú-Alákàn wí.

"Àfi òun. Àbí kí wọ́n gé ìka?"

Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, ọkùnrin náà rò ó wò.

Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́ kò bi wá léèrè nǹkan kan. Ó rọra ti bàbà pẹlẹbẹ bọ abẹ́ òrùka kí ayùn má baà kan ara, ó ń kán omi sí i, ó ń rẹ́ ẹ. Ayùn dá. Ó fi òmíràn sí i, ìyẹn náà dá.

"Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ bá mi di ọwọ́ wọn mú, kó má mì."

Bí orí àwọn méjèèjì ṣe pàdé lórí ọwọ́ kan nìyẹn. Ojú-Alákàn ń mí bí ẹwìrì.

"Báwo lo ṣe mọ ìwọ̀n ìka rẹ̀?" ló bi í lábẹ́ ohùn.

Ayùn dúró. Sìsí ló fèsì.

"Ó wọ̀n ọ́n ni. Ó ṣe òrùka wúrà fún mi, kó o tó yọjú, ó gbé e wá sílé wa. Mo ní mi ò fẹ́. Òrùka tó bá mi mu rẹ́gí, mi ò wọ̀ ọ́. Tìrẹ ni mo wọ̀. Wo bó ṣe ń jẹ mí."

"Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń jowú," ni Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́ wí, ó tún ń rẹ́ irin lọ. "Bó bá ń rẹ́rìn-ín sí yín lọ́sàn-án, mò ń gbọ́ ọ níhìn-ín."

Irin náà dún tááì, ó là. Ó fi ẹ̀mú méjì yà á sọ́tọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì sáré padà sínú ìka. Sìsí dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ó kọjú sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

"Òrùka tí mi ò bá lè fi ọwọ́ ara mi bọ́, mi ò ní wọ̀ ọ́. Ohun tó bá wù ọ́ ni kó o fi ṣe é, ì báà jẹ́ òjé. Ṣùgbọ́n n ó bọ́ ọ lójú rẹ, n ó sì wo ojú rẹ. Bí ojú yẹn bá yí padà, kò sí ìgbéyàwó."

Ó lọ, kò dúró dè wá.

Wúrà pupa náà ni wọ́n padà ṣe. Ṣùgbọ́n Ojú-Alákàn kò kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Ó jókòó ti Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́ bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọn ìka, ìrọ̀lẹ́ ni, Sìsí ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí ààrò, Ojú-Alákàn ló sì wọ̀n ọ́n. Ó ní kí onílé kọjú sógiri. Onílé kọjú sógiri bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ. Nígbà tó kan jíjó òrùka pọ̀, alágbẹ̀dẹ na iná sí i.

"Ẹ jó o. Ẹ̀yin lẹ mọ iná."

Bẹ́ẹ̀ ni wẹ́dà tó ń jó gètì ṣe jó òrùka tó fúyẹ́ ju ewé lọ. Mo fi awò tí mo fi ń wo aago wo ojú ibi tó so. Mi ò rí i.

Ẹnu ọ̀nà békìrì ni ìdánwò ti wáyé. Sìsí wọ òrùka náà, ó bọ́ ọ. Ó tún wọ̀ ọ́, ó tún bọ́ ọ. Ojú Ojú-Alákàn dúró. Àfi bí Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́ ṣe ń bọ̀ lókèèrè, ó fẹ́ ra búrẹ́dì. Sìsí juwọ́ sí i, ìka rẹ̀ lófìfo, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń sọdá títì yẹn.

Mo rí iṣan ọrùn tó yọ. Mo rí ojú tó fẹ́ yí padà. Kíá ni Ojú-Alákàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní òun fẹ́ so okùn bàtà.

Sálúbàtà ló wọ̀.

Sìsí wo sálúbàtà náà. Ó wo orí ọkùnrin tó tẹ̀ ba mọ́ ọn, ó sì dúró títí ọkùnrin náà fi gbé ojú tó ti tún ṣe sókè, tó kí Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ káàsán o."

"O kúkú gbìyànjú," ni Sìsí wí. Ó fi òrùka sí i látẹ́lẹwọ́. "Bá mi dì í mú títí n ó fi ṣíwọ́. Kò gbọdọ̀ wọ inú ìyẹ̀fun."

Iṣẹ́ kankan kò jáde ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà lọ́jọ́ náà. Olówó gètì wá, ó bínú lọ. Ọkùnrin náà jókòó, ó di ẹ̀ṣẹ́, kò ṣí i. Mo ní kó fi òrùka sápò kó ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

"Àpò lè jò, Bàbá," ló wí, ó sì tún ọwọ́ náà dì.