Okùn Ìyá Àgbà Nínú Àká Iṣu

Nígbà tí mo wà ní kékeré, láti Towé títí dé Sakété, kò sí ọmọ tó gbọ́n tó mi. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kò sì tíì sẹ́ni tó já mi nírọ́. Àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ ká àsíá wọn lọ ni. Mo kàwé díẹ̀, ó sú mi, mo sá kúrò, àmọ́ ìwọ̀nba Faransé tí mo gbọ́ náà ni mo fi ń yọ gbogbo ilé lẹ́nu. Ìyá àgbà wa tiẹ̀ ń pè mí ní Mísíyè, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni.

Ọdún yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbéyàwó láti Ahoyéyé. Bàbá ọmọbìnrin náà le bí ojú ẹja. Ó ní iṣu tó tóbi jù nínú àká wa ni òun fẹ́, òun fúnra òun ló sì ń bọ̀ wá gbé e. Tí òun bá rí ẹyọ kan péré tó jù ú lọ, a jẹ́ pé a fi èyí tó dáa pamọ́ fún òun nìyẹn, kí ẹ̀gbọ́n mi yáa wá ìyàwó lọ síbòmíràn.

Iṣu inú àká tó igba. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi, kí wọ́n tó jẹ obì kan tán, mo ti parí. Mo wọlé, mo ń fi iṣu kan wé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èyí tó bá ju ẹnìkejì ẹ̀ lọ, mo fi ẹfun kùn ún. Ìgbà tí mo máa jáde, bí ọgọ́rùn-ún iṣu ló ti kun ẹfun.

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Mísíyè, ẹni tó dá aládùúgbò ẹ̀ nìkan, ṣé òun ni ọ̀gá ìjàkadì gbogbo Pobè?"

Ó tú okùn kan lára ìdì igi, ó jù ú sí mi. Ó ní kí n yí i po iṣu àkọ́kọ́, kí n ta kókó síbi tó dé, kí n máa lọ. Iṣu tó bá ju kókó lọ, kí n tú u, kí n ta á síbi tuntun. Èyí tí kò bá tó o, kí n fò ó.

Mo dé bí àádọ́ta, a gbọ́ ohùn àwọn àna lójú ọ̀nà. Mo ń tú, mo ń ta, òógùn ń wọ̀ mí lójú. Mo ń gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi níta, "Ẹ kú ìrìn o, bàbá. Ẹ kú ìrìn." Ó ti kí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, iṣu ni bàbá náà ń bèèrè. Nígbà tó yá, kókó ò kúrò lójú kan mọ́ títí mo fi dé iṣu tó gbẹ̀yìn. Mo fò jáde, mo na okùn sókè bí ọdẹ tó pa ẹkùn.

"Bàbá, mo ti rí i! Bó ṣe tóbi tó rèé!"

Bàbá náà wo okùn, ó wò mí. "Iṣu náà ńkọ́? Àbí okùn ni n ó gún níyán?"

Ẹ̀yin ọmọ, ara mi tutù nini. Mo mọ bí iṣu náà ṣe tóbi tó, mi ò mọ èwo ni! Ìkánjú ò jẹ́ kí n sàmì sí i. Bàbá náà dìde, ó gbọn aṣọ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ẹ̀. Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Kókó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ," ó ní. "Padà wọlé."

Bàbá náà tẹ̀lé mi, mo ń gbọ́ èémí ẹ̀ lẹ́yìn ọrùn mi. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti iṣu àkọ́kọ́. Okùn dẹ̀. Ó tún dẹ̀. Ìlà kan tán, ìlà kejì tán, ó ń dẹ̀ ni. Ní ìlà kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, kókó bá orí okùn pàdé gẹ́lẹ́. Bàbá náà gba okùn lọ́wọ́ mi, ó wọn iṣu náà fúnra ẹ̀, ó wọn àwọn tó kù níkọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló dẹ̀. Ó gbé iṣu náà lé èjìká.

"Ẹ wá mú ìyàwó yín lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀."

Ayé ti yí o. Lóṣù tó kọjá, ọmọ-ọmọ ìyàwó yẹn gbé ọ̀dinatẹ̀ẹ̀ wá láti Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kọ̀ǹpútà. Ó ní èdè kan wà tí òun fi ń bá a sọ̀rọ̀, pé tí òun bá ti tẹ ọ̀rọ̀ kan péré, á mú nọ́ńbà tó tóbi jù jáde láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó tẹ̀ ẹ́. Kí n tó ṣẹ́jú, nọ́ńbà ti yọ. Ohun tó gba àwa ní òógùn ọ̀sán gbáko! Ó wá gbé àyà síwájú, bí èmi ìgbà yẹn gan-an.

Mo ní, "Ó dáa. Èwo ni nínú wọn?"

Ọmọ ń họ orí.

"Padà wọlé, Mísíyè."