Ẹṣin Tí Wọ́n Ní Ká Má Kí

Ìkíni ló gbé Kùdírátù ṣánlẹ̀. Kì í ṣe òkúta, kì í ṣe ọ̀kadà, kì í ṣe ejò. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ lórí ẹṣin lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí ẹ̀yìn ọgbà tí wọ́n ti ń yan gàrí, ni Ìyá Sanmí bá yọrí láti ẹ̀yìn ògiri, ó fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún un ké pé, "Kùdí o! O kú iṣẹ́ o!" Ẹṣin fò sókè, ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì sá lọ ní tirẹ̀. Orí òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ ni Kùdírátù balẹ̀ sí. Bó ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, tí omi ẹ̀gẹ́ ń kán létí híjáàbù rẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ẹ ṣé o, mà. Ẹ kú iná o." Kí ló tún fẹ́ sọ? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni.

Abúlé wọn wà lẹ́yìn Alákíà, níbi tí bàálù ti ń fò kọjá lórí oko kó tó balẹ̀. Kùdírátù lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta nílé ìwé ìjọba, bó bá sì ti kúrò níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, ọ̀dọ̀ ẹṣin ló ń gbà lọ. Jàmíù bàbá rẹ̀ ló ń tọ́jú ẹṣin fún Dókítà Ọláníran, dókítà ẹranko tó ti fẹ̀yìn tì, títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ẹṣin tí Jàmíù gbẹ̀bí rẹ̀ kẹ́yìn ni Sùúrù yìí, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí. Òun ló sọ ọ́ lórúkọ, oṣù kejì lẹ́yìn náà ló kú. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ẹṣin lásán nìyẹn lójú ọmọ rẹ̀?

Àmọ́ orúkọ ò ro ẹṣin náà rárá. Bàálù kò ṣe é ní nǹkan, abẹ́ ariwo rẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó sì máa ń gbọ́ ọ bọ̀ láti òkèèrè. Ariwo òjijì lọ̀tá rẹ̀. Kí máńgòrò já lu páànù, kí ẹnì kan sín, kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, ó parí, ẹsẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀, ìkíni ló burú jù, torí òun ló pọ̀ jù. Kò sí ẹni tí í rí ọ kọjá lábúlé yẹn kó dákẹ́.

Dókítà Ọláníran kì í ṣe ènìyàn burúkú, àmọ́ agbára ti ń tán, ó ń dín ẹṣin kù. Mikail, ọkùnrin kan tó ń fi ẹṣin háyà fún àwọn tó ń ṣègbéyàwó nígboro Ìbàdàn, ti wá wo Sùúrù lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sì mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ọkọ ìyàwó á gun ẹṣin, gbohùngbohùn á máa ké sí i létí, àwọn ọ̀dọ́ á máa yin báńgà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kùdírátù mọ̀ pé bí wọ́n bá mú Sùúrù dé irú ibẹ̀, kò ní pẹ́ kó tó kán lẹ́sẹ̀ tàbí kó pa ènìyàn. Ó lọ kúnlẹ̀ bẹ Dókítà.

"Kò burú," ni Dókítà wí. "Ìdíje kan ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá, lọ́nà Lálúpọn. Gùn ún lọ. Bó bá lè ṣe é parí nínú pápá, ó di tìrẹ. Bó bá fò jáde, ibẹ̀ ni Mikail á ti mú un lọ."

Ìdíje wo? Kì í ṣe eré sísá o. Dírẹ́sáàjì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fi pákó funfun tí kò ga ju orúnkún lọ yí pápá ká, ẹṣin á wọlé, á rìn, á sáré díẹ̀, á yípo, á dúró ṣinṣin, gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó gùn ún ṣe fẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹni náà ò gbọdọ̀ la ẹnu. Ẹsẹ̀ àti ìjánu ni yóò fi bá ẹṣin sọ̀rọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á yọ máàkì. Bí ẹṣin bá fò kọjá pákó, ó tán. Nígbà tí Kùdírátù ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá Sanmí, ìyẹn ní, "Ìdánwò ọmọlúàbí ni wọ́n ń ṣe fún ẹṣin nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ò lè yege ẹ̀."

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orí èèpo ẹ̀gẹ́ yẹn, Kùdírátù ronú títí, ó wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí níbẹ̀. Ó lọ láti ilé dé ilé, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, bí òun bá wà lórí ẹṣin, kí wọ́n má kí òun. Òun náà ò ní lè kí wọn. Kí wọ́n má bínú.

Háà! Ẹ ò bá wà níbẹ̀. Ẹnì kan ní, "Ẹṣin wo ló ní ká má kí ọmọ wa?" Ẹlòmíì ní Kùdí ti di òyìnbó. Ìyá Sanmí ò tilẹ̀ fi bò: "Kùdí, ẹni tí ò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé. Mo ti sọ tèmi." Bàbá Làmídì nìkan ni kò ráhùn. Ọ̀rẹ́ Jàmíù ni bàbá yìí, òun ló jókòó bíi bàbá fún Kùdírátù lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì rẹ̀, ẹ̀bá ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà gan-an sì nilé rẹ̀ wà. "Bó bá ṣe nítorí ẹṣin Jàmíù ni," ó ní, "màá pa ẹnu mi mọ́."

Ó sì ṣiṣẹ́ o, ká má parọ́. Abúlé dákẹ́. Bí ẹṣin bá ti ń bọ̀, àwọn obìnrin á rọra gbé igbá gàrí sílẹ̀ kó má baà dún, àwọn ọmọdé á fi ọwọ́ bo ẹnu. Sùúrù ń rìn bí ẹni tí kò mọ ẹ̀rù. Ó ń yípo, ó ń dúró, ó ń ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Inú Kùdírátù ń dùn, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, torí ẹnu tí o bá ní kó dákẹ́, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó tún là. Nígbà tó yá, wọn ò kí i mọ́ nígbà tó ń fẹsẹ̀ rìn pàápàá. Bó bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, ọ̀rọ̀ á pin. Wọn ò bá a jà, wọn ò bú u. Ó kàn ti kúrò lẹ́nu wọn ni. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló burú jùyẹn? Òkú nìkan ni wọ́n ń gbé kọjá tí ẹnikẹ́ni kì í kí.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ó jókòó lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ní mọ́sálásí, ló gbọ́ tí lèmọ́mù ń ṣe àdúà ìlera fún Bàbá Làmídì. Wọ́n ní bàbá ṣubú nílé ìwẹ̀, ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tó ti wà lórí ìdùbúlẹ̀. Gbogbo abúlé ló ti lọ wò ó. Kùdírátù nìkan ni kò mọ̀, òun tó ń gun ẹṣin kọjá lẹ́bàá ilé náà lójoojúmọ́. Ta ni ì bá sọ fún un? Ẹni tí wọn ò kí, ibo ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn?

Ó sáré lọ. Ó bá bàbá lórí ẹní, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Mi ò gbọ́ ni."

"Mo mọ̀ pé o ò gbọ́," ni bàbá wí. "Lọ́jọ́ tí mo ṣubú gan-an, mò ń gbọ́ pátákò ẹṣin rẹ tó ń bọ̀. Mo fẹ́ pè ọ́ kó o wá gbé mi. Mo wá ní bí mo bá pariwo, ẹṣin á gbé ọ ṣánlẹ̀. Mo bá jẹ́ kí ẹ kọjá."

"Ẹ wà nílẹ̀, ẹ sì jẹ́ ká kọjá?"

"Sanmí ló wá bá mi nígbà tó yá. Kò pẹ́ púpọ̀. Ẹṣin náà ńkọ́? Ṣó ti ń gbọ́ràn?"

Kùdírátù bú sẹ́kún. Ó sunkún títí bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tún lọ láti ilé dé ilé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kí mi. Ẹ kí mi kó dún. Bí ẹṣin bá gbé mi ṣánlẹ̀, ilẹ̀ wa náà ni." Ìyá Sanmí wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀la ni màá bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n kí i o! Wọ́n kí i bí ẹni ń san gbèsè. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ò ṣe é fẹnu sọ, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Àmọ́ ó ti pinnu. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kí wọn, bó ti wù kí Sùúrù máa gbọ̀n tó, á mú un dúró, á sì dáhùn bó ṣe yẹ: á kí wọn kú iṣẹ́, á béèrè ilé, á béèrè ọmọ, lẹ́yìn náà á fún ẹṣin ní ègé ìrèké, wọ́n á sì máa lọ. Díẹ̀díẹ̀, ó yé ẹṣin. Nígbà tí Iléyá fi kọjá, bí ẹnikẹ́ni bá ti ké pé "O kú iṣẹ́ o," Sùúrù á dúró fúnra rẹ̀, á yí etí sẹ́yìn, á máa retí ohùn Kùdírátù. Bí kò bá tíì gbọ́ ọ, kò ní lọ. Kùdírátù mọ ewu tó wà níbẹ̀. Nínú pápá ìdíje, ẹṣin ò gbọdọ̀ dúró níbi tí kò yẹ, òun náà ò sì gbọdọ̀ dáhùn. Ó bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnikẹ́ni má kí òun níbẹ̀.

Ẹ̀bá oko àgbàdo kan ni pápá náà wà. Àwọn ènìyàn jókòó sábẹ́ kánópì, wọ́n pa rọ́rọ́. Ìyá Sanmí wá láti abúlé, ó ti búra pé òun ò ní sọ̀rọ̀, ó fi etí ìborùn bo ẹnu bí ẹni tí eyín ń dùn. Dókítà Ọláníran náà jókòó sábẹ́ kánópì kan. Mikail dúró lẹ́nu ọ̀nà pápá, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Sùúrù wọlé, ó dúró ṣinṣin. Kùdírátù tẹrí ba fún adájọ́, ìyá àgbàlagbà kan tó wọ dígí, tó jókòó sídìí tábìlì ní ìpẹ̀kun pápá. Wọ́n rìn. Wọ́n yípo. Ó ń dára débi pé àyà ń fò ó. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré díẹ̀ ni atẹ́gùn òjò ti dé, ó gbé kánópì kan, irin ṣubú lu irin, gbàgàdà! Sùúrù ta gìrì. Ó na ọrùn, ó já ìjánu gbà mọ́ Kùdírátù lọ́wọ́, ó kọjú sí pákó funfun, ó ń lọ. Kùdírátù fi gbogbo ara fà á, kò gbọ́. Ó rí Mikail tó ti nà ró pẹ̀lú okùn rẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ó tán, bàbá mi, ó ti tán.

"Kùdí o! O kú iṣẹ́ o!"

Kò sí ẹni tó rán Ìyá Sanmí níṣẹ́. Òun náà sọ nígbẹ̀yìn pé òun ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu òun. Òun rí ọmọ tó ń ṣe làálàá, òun kí i, kí ló tún kù? Sùúrù dúró. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gbọn-in, pákó sì wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Ó ń gbọ̀n, ó ń fọn imú, àmọ́ ó dúró. Ó yí etí méjèèjì sẹ́yìn.

Kùdírátù fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ níkùn kó yí padà. Kò mira. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹṣin ń retí. Kùdírátù mọ̀ pé bí òun bá dáhùn, máàkì á lọ, ipò náà á sì bá a lọ. Ó tún rántí arúgbó kan tó wà nílẹ̀ ilé ìwẹ̀, tó pa ẹnu mọ́ nítorí òun. Ó gbé ohùn sókè.

"Ẹ ṣé o, mà! Ẹ kú ìdúró o! Ilé ńkọ́? Bàbá Làmídì ńkọ́?"

"Wọ́n wà o! Wọ́n ní ká kí ọ!"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Sùúrù mí kanlẹ̀, ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, wọ́n sì ṣe é parí. Nígbà tí Kùdírátù tẹrí ba tán, adájọ́ pè é sí ìdí tábìlì.

"Ṣé o mọ òfin? Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ láàárín ìdánwò?"

"Wọ́n kí mi ni, mà."

Adájọ́ bọ́ dígí rẹ̀. Ó wo Ìyá Sanmí lọ́ọ̀ọ́kán, ó tún wo Kùdírátù. Wọ́n kọ́ òun náà nílé. "Mo ní láti yọ máàkì o," ó ní.

"Ẹ yọ ọ́, mà."

Wọ́n yọ ti ọ̀rọ̀, wọ́n yọ ti ìdúró, wọ́n yọ ti ìgbà tí ẹṣin ya kúrò lọ́nà. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ tán, ti Kùdírátù ló gbẹ̀yìn. Mikail ti ń tú okùn bọ̀. "Dókítà," ó ní, "ẹṣin tó gbẹ̀yìn, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ jẹ́ n máa mú un lọ."

Dókítà Ọláníran ò wo ojú rẹ̀. Ó ń wo pákó funfun tó yí pápá ká, kò sí ọ̀kan tó ṣubú.

"Inú pápá ló ti gbẹ̀yìn," ó ní. "Ká okùn rẹ. Kùdírátù, mú ẹṣin rẹ relé."