Ohùn Tí Ẹ̀rí-Wà Pa

Ẹni tó bá gbé rédíò wá sí ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀rí-Wà, nǹkan méjì ló máa gbà padà: rédíò tó ń sọ̀rọ̀ geere, àti ìdì ìwé kékeré kan tí wọ́n fi òwú so. Inú ìwé yẹn ni ọkùnrin náà máa ń kó gbogbo ògbólógbòó nǹkan tó bá yọ nínú ẹ̀rọ oníbàárà sí. "Ẹ̀rí wà," ló máa ń wí bó bá ń nà án síni, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ di orúkọ mọ́ ọn lára. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ti ìwé bọ àpò, kò sẹ́ni tó ń tú u wò. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń fọ́nnu pé kò sí ariwo tó lè wọ ṣọ́ọ̀bù òun kó tún bá ẹ̀rọ jáde.

Lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, orin rọ́ọ̀kì ló fẹ́ràn jù, pàápàá ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin kan tó jẹ́ pé àdúgbò wa ni wọ́n ti dìde. Lọ́sàn-án Sátidé, àwa tí a fẹ́ràn wọn a máa kóra jọ sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a ó máa gbọ́ orin, a ó sì máa jiyàn lórí èyí tó dùn jù. Iyàn wa kì í le. Àfìgbà tí wọ́n gbé àwo orin tuntun jáde.

Ẹ gbọ́, àwo yẹn ò jọ orin. Ogún ìṣẹ́jú ni orin àkọ́kọ́, ìlù ò sì dé títí ó fi kọjá ìdajì. Ẹnì kan ń wọ́ àga onírin nílẹ̀ níbì kan, ẹlòmíràn ń mí sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, nǹkan kan sì ń kùn lábẹ́ gbogbo rẹ̀ bí oyin tó há sínú igò, kò lọ sókè, kò bọ̀ nílẹ̀. Kò sí ègbè téèyàn lè gbè. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé bí òun bá dijú, ńṣe ló dà bíi pé òun ń rìn nínú orí ara òun. Ẹ̀rí-Wà bi í pé ṣé ó rí irun níbẹ̀. A fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí bẹ́ǹṣì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Ẹ̀rí-Wà kò dénú. Ó ka àwo náà sí ìwọ̀sí. Ó ní àwọn ọmọ náà ti gbàgbé ẹni tó ń gbọ́ wọn, pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ fà wọ́n létí padà sọ́nà. Ibi tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Alòsì, ẹni tó ń ta gìtá fún wọn, gbé áńpù rẹ̀ wá, ìyẹn àpótí tó máa ń gbé ohùn gìtá jáde. Wáyà iná rẹ̀ ló já. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, torí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni.

"Bọ̀dá, wáyà nìkan ni kẹ́ ẹ bá mi pààrọ̀ o. Ẹ máà fọwọ́ kan bó ṣe ń kùn yẹn. Bàbá mi ló ni áńpù yìí, abẹ́ ohùn yẹn ni mo ti kọ́ gìtá. Òun gan-an ni àwo wa tuntun."

Ẹ̀rí-Wà ní kó má ṣèyọnu. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ó pààrọ̀ wáyà. Ó tan áńpù, ó gbọ́ ohùn yẹn, ó sì jókòó sílẹ̀ tó ń wò ó. Ó mọ ibi tó ti ń wá. Kapásítọ̀ kan, ẹ̀yà inú ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró jẹ́ẹ́, ló ti gbó, kò ju ìka ọmọdé lọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná tó fi ń yọ́ òjé, ó yọ ọ́, ó fi tuntun sí i. Áńpù dákẹ́ rọ́rọ́. Ó wá di wáyà tó já sínú ìwé bó ṣe máa ń ṣe. Kapásítọ̀ yẹn nìkan ni kò lè dì síbẹ̀. Ó gbé e dání fún ìgbà díẹ̀, ó jáde síta, ó jù ú sí gọ́tà.

Ọjọ́ tí wọ́n máa kọrin ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ gan-an ni Alòsì tó wá gbé áńpù rẹ̀, kò ráyè dán an wò; gbogbo wa lọ. Alòsì tan áńpù, ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yí bọ́tìnnì kan, ó yí òmíràn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí rẹ̀ ọ̀tún, ó ṣí i, ó tún bò ó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wojú rẹ̀. Nígbà tí ariwo èrò pọ̀, onílù bẹ̀rẹ̀ orin wọn àtijọ́, gbọ̀ngàn sì dàrú fún ayọ̀. Ẹ̀rí-Wà kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há. Ká má parọ́, kò sí ọjọ́ tó gbádùn tó ọjọ́ náà láyé rẹ̀. Ó ń kọrin lọ ni ojú rẹ̀ tún bọ́ sára Alòsì, tí ọwọ́ rẹ̀ tún wà létí. Orin náà kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ò ti balẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a wí, ara rẹ̀ ló ń bá a wí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ń dáwọ̀ọ́ ìdùnnú pé àwọn ọmọ wa ti padà sílé, òun ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Àfi bí ẹnì kan ṣe sọ pé Alòsì fẹ́ fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, torí ó ní etí òun ti ń bàjẹ́, òun ò gbọ́ kíkùn áńpù òun mọ́. Ó ti lọ rí dókítà etí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ kejì ni Ẹ̀rí-Wà lọ sílé ọmọ náà. Ó bá a lórí àpótí áńpù, gìtá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò ta á. Àgbàlagbà náà kò jókòó. Ó ròyìn ohun tó ṣe látòkè délẹ̀, kò bo ọ̀kan, àti ti gọ́tà.

Alòsì fọwọ́ kan etí rẹ̀ ọ̀tún. Ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe etí mi?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe etí rẹ, àbúrò. Èmi ni."

Ọmọ náà gbórí lé ọwọ́, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rí-Wà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé òun á wá irú kapásítọ̀ náà, pé òun á wá a dé ibi tí ayé pin. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé tuntun ò ní kùn bí èyí tó ti lo ọgbọ̀n ọdún, òjò sì ti gbá gọ́tà lọ. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó ń jáde ni Alòsì pè é padà.

"Ẹ sọ fún àwọn tó ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù yín ní Sátidé. Èmi ò ní sọ."

Ó sọ ọ́. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ó sì na ìka náà fúnra rẹ̀. Orí ìdúró ló wà, níwájú gbogbo wa, ó ní òun ni òun pa ohùn áńpù ọmọ náà, torí òun ò fẹ́ràn orin rẹ̀. Àwa tá a ti ń yọ̀ ò mọ ibi tá a máa kojú sí. Onígbàjámọ̀ nìkan ló dìde. Kílípà rẹ̀, ẹ̀rọ ìgẹrun tó gbé wá fún àtúnṣe, wà lórí tábìlì, ó sì ti parí. Ẹ̀rí-Wà gbé e fún un, ó na ìwé kékeré náà mọ́ ọn. Kò sọ pé ẹ̀rí wà.

Ọdún méjìlá ni onígbàjámọ̀ ti ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó tú òwú rẹ̀, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.