Èèrà Ló Kọ́kọ́ Mọ Ohun Tí Mò Ń Jẹ

Ní ẹ̀yìnkùlé wa ní ìlú Òsì ni mo ti kọ́kọ́ rí i: èèrà bo ibi tí mo tọ̀ sí. Mo fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n, n kò sọ fún ẹnì kankan. Mo mọ ohun tó jẹ́. Àtọ̀gbẹ ni, àìsàn tí ṣúgà fi ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi yọ nínú ìtọ̀.

Ní ìlú wa, iyán la máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Mo bá fi iyán sílẹ̀, mo sì ń fi yangàn. Lọ́sàn-án, mo máa ń gun ọ̀kadà lọ sí ìlú Ìlọfà, lọ jẹ áísìkiriìmù ní ṣọ́ọ̀bù kan: ife gíga, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, ṣokoléètì lókè. Nígbà tí a wà ní yunifásítì, èmi àti ìyàwó mi máa ń fi ṣíbí méjì jẹ ife kan. Wàrà ṣáà ni, mo sọ fún ara mi.

Ọkọ́ wá ṣá mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Egbò náà kò jiná, ó ń rùn. Lẹ́yìn tí èmi àti ìyàwó mi ti jókòó pẹ́ lórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn, dókítà ní bí ṣúgà kò bá wálẹ̀, àwọn yóò gé ọmọ ìka náà.

Nọ́ọ̀sì béèrè pé, “Bàbá, iyán ńkọ́?”

“Mo ti fi sílẹ̀.”

“Kí lẹ wá ń jẹ lọ́sàn-án?”

“Wàrà.”

Ìyàwó mi pòṣé. “Wàrà wo, Bàbá Dáre? Èyí tó wà láyà ẹ̀wù yín yẹn?”

Mo wo àyà ẹ̀wù mi. Ṣokoléètì ni.

“Dákẹ́!” mo jágbe.

“N kò ní í dákẹ́. Bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ yín, ṣé ọlọ́kadà ni yóò máa bá yín jẹ áísìkiriìmù?”

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní wàrà inú rẹ̀ ń mú egungun le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣúgà àti ọ̀rá inú ife bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ara mi lè gbà lọ. Iyán náà ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n òkèlè díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ púpọ̀ kì bá ti pa mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ń gún mi ní ínsúlínì, oògùn tó ń ti ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ń fọ egbò, mo máa ń di bẹ́ńṣì mú bí ẹni tó fẹ́ fà á ya. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó jiná.

Títí dòní, mo máa ń yí ojú kúrò bí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo kórìíra ife náà. Ara mi ni mo bínú sí jù. Ọmọ ìka mi pé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àti lọ́wọ́ obìnrin tí mo jágbe mọ́. Kò tíì dárí jì mí pé èmi nìkan ni mò ń lọ jẹ ẹ́.

Láràárọ̀, bí mo bá tọ̀ tán ní ẹ̀yìnkùlé, mo máa ń dúró wo ilẹ̀ kí n tó wọlé. Èèrà ń kọjá lọ, wọn kò dúró.