Ilẹ̀ Tí A Fẹ́ Fi Kọ́ Ilé-Ìwé Létí Títì

Kété tí mo kírun àsùbáà tán ni mo kúrò ní abúlé wa ní Banígbé. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, ìrì ṣì wà lórí koríko. A fẹ́ kọ́ ilé-ìwé matẹnẹ́ẹ̀lì, ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ẹ̀gbọ́n mi Ràímì sì ti yọ̀ǹda ilẹ̀ rẹ̀ létí títì ńlá. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé ìwé ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Ìfọ̀nyìn.

Ọlọ́kadà, tí àwa ń pè ní zẹ́m, gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fránkì. Ọ̀nà pupa la kọ́kọ́ tọ̀ láàárín oko ọ̀pẹ, títí a fi já sí títì, níbi tí ilẹ̀ Ràímì wà gan-an. Ọkọ̀ akẹ́rù tò tẹ̀lé ara wọn láti ẹnubodè, èéfín dúdú ń tú lẹ́yìn wọn. Ọlọ́kadà fa aṣọ bo imú.

"Ìyá, ẹ bo imú yín. Ojoojúmọ́ lèmi ń fa èyí símú. Bí mo bá wúkọ́, dúdú ló ń jáde."

Ní Ìfọ̀nyìn, mo yà sọ́dọ̀ àbúrò mi Sìkírá, tó ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà létí títì. Ní abúlé, ṣe la máa ń ṣí àkàrà sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Níbí, ọ̀rá ni wọ́n fi ń bò ó nítorí èéfín. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, jókòó tì í, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ikọ́ ọmọ yìí kò tíì sàn ni?" mo bi ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, nígbà tó wà lọ́dọ̀ yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣé ó wúkọ́?"

Mo rò ó. Kò wúkọ́ rárá.

"Nọ́ọ̀sì ní kí n gbé e jìnnà sí títì. Àmọ́ ibí ni mo ti ń rí jẹ."

Mi ò lè jẹ àkàrà tó fún mi tán. Ogún, ọgbọ̀n ọmọ bí èyí la fẹ́ lọ kó jọ sétí títì láti àárọ̀ dọ̀sán.

Ní ọ́fíìsì, obìnrin kan tẹ́ pílánù sórí tábìlì, ìyẹn àwòrán tó ń fi ibi tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà hàn. Ó na ọwọ́ láti gba ìwé ilẹ̀ náà.

"Mi ò ní fún yín mọ́, ẹ má bínú," mo wí. "Ibẹ̀ kò dára fún ọmọdé."

"Ṣé ẹ ní ilẹ̀ mìíràn?"

"Oko ẹ̀gẹ́ mi wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ó jìnnà sí títì dáadáa. Mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún ilé-ìwé náà."

"Dàkọ́ọ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà yín fọwọ́ sí i, kí ẹ sì padà wá."

Mo délé kí wọ́n tó pe ìrun àsárì. Nígbà tí mo ròyìn fún Ràímì, inú bí i. "Ilé-ìwé tí ẹni tó ń kọjá lọ kò ní rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi lọ dúró lórí ilẹ̀ yín létí títì, kí ẹ mí fún wákàtí kan."

Ó lọ. Èmi náà lọ. Kò tó wákàtí kan tó fi yí padà, tó gba ọ̀nà ilé. Nígbà tí mo délé, ó ti gbé àdá.

"Ẹ̀gẹ́ rẹ kò tíì gbó," ó ní. "Ta ni yóò bá ọ fà á tu?"

Ohun tí ìrìn yẹn kọ́ mi ni pé ojú nìkan kò tó láti fi yan ilẹ̀ fún ọmọdé. Kí a fi imú yàn án pẹ̀lú.